Ẹ Yé Ya Kọ̀ǹpútà Sójú Pátákó

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní òótọ́ ọ̀rọ̀ bí ìsọkúsọ ni í rí. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí lè dà bí ìsọkúsọ létí àwọn kan. Mo ní ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà tí a ń kọ́ àwọn ọmọ ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ wa ní Ọ̀tà àti Ṣàngó ti fo ibi tí iṣẹ́ gan-an wà kọjá. Mo tún ní ohun tí a ó fi dí àlàfo náà ti wà nílùú wa tipẹ́. Ó wà lọ́wọ́ àwọn bàbá àti ìyá tí ń wọ ọkọ̀ òṣìṣẹ́ lọ sí kọ́ńpìnnì láàárọ̀ kùtùkùtù, àwọn tí a kì í ka ọgbọ́n orí wọn sí ẹ̀kọ́.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ó ti dun gbogbo wa. Ní ọjọ́ 9 oṣù Karùn-ún ọdún 2025, èsì ìdánwò UTME jáde. Nínú èsì 1,955,069 tí JAMB gbé síta, èyí tí ó lé ní mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ ni kò tó 200 nínú 400. Ojú ẹsẹ̀ ni ẹnu kún àwọn ọmọ. A ní wọn kì í kàwé mọ́. A ní TikTok ti gba orí wọn. A ní ìgbà magomágó ti kọjá, ojú ti wá mọ́. Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Olóyèdé, ọ̀gá àgbà JAMB, dúró níwájú àwọn oníròyìn, ó sunkún, ó sì tọrọ àforíjì. Àṣìṣe ti wọ inú ìdánwò náà. Ọmọ 379,997 ni wọ́n ní kí ó padà wá jókòó ṣe é: 206,610 ní ibùdó 65 ní ìpínlẹ̀ Èkó, àti 173,387 ní ibùdó 92 ní ìpínlẹ̀ márààrún ìhà Gúúsù-Ìlà-oòrùn.

Kí ni ó bàjẹ́ gan-an? Ẹ fara balẹ̀ gbọ́, nítorí orí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi dúró lé. Lọ́dún náà, JAMB yí bí ètò orí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ padà. Ọ̀kan nínú àyípadà náà ni pé wọ́n ń da ìbéèrè àti ìdáhùn rú fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tí ó jókòó ti ẹlòmíràn má lè jí iṣẹ́ rẹ̀ wò. Kí kọ̀ǹpútà tó lè máàkì irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ bó ṣe yẹ, ó gbọ́dọ̀ gba àtúnṣe kan sórí. Wọ́n kọ àtúnṣe náà. Wọ́n gbé e sórí àwọn sáfà, ìyẹn àwọn kọ̀ǹpútà àgbà tí àwọn yòókù ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn, tí ó wà ní ìsọ̀rí Kàdúná. Ṣùgbọ́n àtúnṣe náà kò dé orí àwọn sáfà tí ó ń bójú tó Èkó àti Gúúsù-Ìlà-oòrùn. Ibùdó 157 nínú 887 ni ó kàn. Ọmọ tí ó jókòó síbẹ̀ lè mọ ìdáhùn, kí sáfà máàkì rẹ̀ bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n.

Ẹ kíyè sí i. Àtúnṣe wà. Ó ṣiṣẹ́ níbi tí ó dé. Ohun tí ó sọnù ni afárá láàárín ẹni tí ó kọ ọ́ àti ibi tí wọ́n ti ń lò ó. Kò sí ohun tí ó ka àwọn sáfà náà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kí ó kígbe pé, "Ẹ dúró ná, àwọn wọ̀nyí kò tíì gba tuntun," kí ọmọ àkọ́kọ́ tó tẹ ìdáhùn àkọ́kọ́.

Oṣù mẹ́ta kò tíì pé lẹ́yìn èyí tí ti WAEC fi dé. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ ọdún 2025 kan náà, èsì WAEC jáde pé ìdá 38.32 péré nínú ọgọ́rùn-ún ni ó yege nínú ẹ̀kọ́ márùn-ún pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò. Ẹnu tún kún àwọn ọmọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà, WAEC ti ojú òpó èsì náà pa. Wọ́n ní àwọn ti dá ìbéèrè sí oríṣiríṣi kí ọmọ kan má baà jí ti èkejì wò, ṣùgbọ́n fáìlì tí kò yẹ ni wọ́n lò nínú Gẹ̀ẹ́sì, débi pé ìdáhùn oríṣi kan ni wọ́n fi ń máàkì oríṣi mìíràn. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe, 38.32 di 62.96. Ọmọ kan náà ni. Ìwé kan náà ni wọ́n kọ. Ohun tí ó yí padà ni bí a ṣe tọ́jú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà.

Iṣẹ́ tí ó ń dí irú àlàfo yìí ní orúkọ. DevOps ni wọ́n ń pè é. "Dev" ni àwọn tí ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. "Ops" ni àwọn tí ń mú kí ó máa ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, tí wọn kì í sùn nígbà tí ó bá dákú lóru. Láyé àtijọ́, ẹgbẹ́ kan kì í wo ojú èkejì. Ẹni tí ó kọ ètò á gbé e sílẹ̀ bí ẹni gbé ẹrù sílẹ̀ ní gáréèjì láì bi ọkọ̀ tí yóò gbé e. Bí ó bá bàjẹ́ lọ́nà, á ní ẹ lọ bi dírẹ́bà. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2009, ọmọ ilẹ̀ Belgium kan tí ń jẹ́ Patrick Debois pe àwọn ìhà méjèèjì jọ sí ìpàdé kan ní ìlú Ghent, wọ́n sì sọ ìpàdé náà ní DevOpsDays. Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti tàn kálẹ̀. Kókó rẹ̀ kò ju èyí lọ: ẹni tí ó kọ iṣẹ́ àti ẹni tí ó ń lò ó jọ ni ín, láti ọjọ́ tí a kọ́kọ́ rò ó títí di ọjọ́ tí ó dé ọwọ́ aráàlú, àti lẹ́yìn ìgbà náà pẹ̀lú.

Ẹ wá wo ohun tí a ń fi pe ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà. Nínú ọ̀pọ̀ kíláàsì, olùkọ́ á fi ṣọ́ọ̀kì ya kọ̀ǹpútà sójú pátákó, á fi ọfà tọ́ka sí ojú rẹ̀, sí pátákó ìtẹ̀wé rẹ̀ àti sí eku rẹ̀. Àwọn ọmọ á yà á sínú ìwé, wọ́n á sì há a sórí pé kọ̀ǹpútà jẹ́ ẹ̀rọ tí ń gba ọ̀rọ̀ wọlé, tí ń ṣiṣẹ́ lé e lórí, tí ń gbé èsì jáde. Ọmọ tí ó yàwòrán dáadáa á gba 9 nínú 10. Ní ilé ẹ̀kọ́ aládàáni tí owó rẹ̀ ga, wọ́n á ní àwọn ń kọ́ ọmọ ní "coding". Ọmọ á fa búlọ́ọ̀kì aláwọ̀ kan mọ́ òmíràn, ológbò á rìn lójú kọ̀ǹpútà, òbí á pàtẹ́wọ́, wọ́n á fún ọmọ ní ìwé ẹ̀rí. Ìyẹn sàn ju ti pátákó lọ. Ṣùgbọ́n ibi tí ológbò bá ti rìn ni ẹ̀kọ́ parí sí. Kò sí ẹni tí ó bi ọmọ náà pé, "Bí o bá fẹ́ yí i padà lọ́la ńkọ́? Bí ọ̀rẹ́ rẹ bá fẹ́ bá ọ ṣe é ńkọ́? Bí ó bá bàjẹ́ lórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn, báwo ni o ṣe máa mọ̀?" Nínú ìlànà ẹ̀kọ́ tuntun tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní 2025, àtúnṣe kọ̀ǹpútà àti fóònù wà lára iṣẹ́ ọwọ́ mẹ́fà tí akẹ́kọ̀ọ́ lè yàn. Mo yin ìyẹn. Àmọ́, ní ti JAMB àti WAEC, kì í ṣe ara kọ̀ǹpútà ni ó fọ́. Kò sí wáyà tí ó jó. Bí a ṣe ń gbé iṣẹ́ láti ọwọ́ kan bọ́ sí ọwọ́ kejì ni ó fọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dùn mí jù lọ rèé. Ọ̀tà kì í ṣe ìlú tí ẹnikẹ́ni ní láti wá la ojú rẹ̀ sí ọgbọ́n yìí. Ẹ gba ọ̀nà Ìdí-Ìrókò láti Ṣàngó, ẹ kọjá Ọ̀tà, ẹ dé Àgbárá. Ilé iṣẹ́ irin, ti ike, ti ọtí, ti oògùn, ti oúnjẹ, ni yóò máa kí yín lọ́tùn-ún lósì. Ẹ mú páálí oògùn kan tàbí ọ̀rá bisikíìtì kan, kí ẹ yí i padà. Ẹ ó rí nọ́ńbà NAFDAC, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, àti nọ́ńbà kan tí àwọn òṣìṣẹ́ ń pè ní batch. Kí ni nọ́ńbà yẹn wà fún? Bí oògùn kan bá ṣe ènìyàn ní jàǹbá lónìí, ilé iṣẹ́ á mọ ọjọ́ tí ó jáde, ẹ̀rọ tí ó ṣe é, èròjà tí ó wọ inú rẹ̀ àti ibi tí wọ́n kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Wọn kò ní kó gbogbo oògùn orílẹ̀-èdè padà. Àwọn tí ó jẹ́ ti nọ́ńbà yẹn nìkan ni wọ́n á kó.

Ẹ bi òṣìṣẹ́ kan tí ó ń ṣe iṣẹ́ alẹ́ léèrè. Á sọ fún yín pé òun kì í fi ẹ̀rọ sílẹ̀ fún ẹni tí ó wá gba iṣẹ́ láàárọ̀ láì kọ sínú ìwé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lóru: ẹ̀rọ kejì gbóná ní agogo méjì, a pa á fún ogún ìṣẹ́jú, a yí bẹ́líìtì rẹ̀. Ẹ bi àwọn tí ń yẹ ọjà wò. Wọ́n á ní àwọn kì í dúró de ìgbà tí páálí ẹgbẹ̀rún bá kún kí àwọn tó wò ó. Àwọn ń mú díẹ̀díẹ̀ wò bí iṣẹ́ ti ń lọ. Ní Japan, Sakichi Toyoda ṣe ẹ̀rọ ìhunṣọ kan tí ó ń dá ara rẹ̀ dúró bí òwú kan bá já. Láti inú ẹbí rẹ̀ ni ilé iṣẹ́ ọkọ̀ Toyota ti jáde, níbi tí òṣìṣẹ́ lásán ti lè fa okùn kan kí iṣẹ́ dúró bí ó bá rí àléébù. Àwọn onímọ̀ DevOps kò fi bò pé inú irú ilé iṣẹ́ báyìí ni wọ́n ti kọ́gbọ́n. Nínú The Phoenix Project, ìtàn tí Gene Kim, Kevin Behr àti George Spafford kọ ní 2013, inú gbọ̀ngàn ilé iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ti ń dún ni wọ́n mú ọ̀gá kọ̀ǹpútà lọ kí orí rẹ̀ tó là.

Kí wá ni à ń sọ fún ọmọ Ọ̀tà? A ń sọ pé, "Bí o kò bá kàwé, kọ́ńpìnnì ni o máa bá ara rẹ." A fi iṣẹ́ bàbá rẹ̀ dẹ́rù bà á. Lẹ́yìn náà a fẹ́ kí ó lọ san owó gọbọi ní Èkó láti lọ kọ́ ohun tí bàbá rẹ̀ ń ṣe lálaalẹ́, pẹ̀lú orúkọ Gẹ̀ẹ́sì lórí rẹ̀. Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó ni ó wà nínú ṣòkòtò wa.

Ẹ jẹ́ kí n ka àwọn ìwà tí mo fẹ́ kí ọmọ kọ́, kí ẹ wò ó bóyá ó ju agbára ọmọ SS1 lọ.

Àkọ́kọ́, kọ gbogbo àyípadà sílẹ̀: kí ni o yí, ìgbà wo, nítorí kí ni. Linus Torvalds ṣe irinṣẹ́ kan fún èyí ní 2005, Git ni orúkọ rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Ó ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà àlòkù, kò sì nílò íntánẹ́ẹ̀tì kí ó tó kọ nǹkan sílẹ̀.

Èkejì, jẹ́ kí àyípadà kéré. Ẹni tí ó yí nǹkan kan lẹ́ẹ̀kan mọ ohun tí ó bàjẹ́. Ẹni tí ó yí ogún nǹkan pọ̀ ń wá abẹ́rẹ́ nínú òkùnkùn.

Ẹ̀kẹta, jẹ́ kí ẹ̀rọ dán an wò kí ènìyàn tó lò ó, nígbà gbogbo, láì yọ ọjọ́ kan sílẹ̀. Bí a bá mọ̀ pé ọmọ tí ó gba gbogbo ìbéèrè gbọ́dọ̀ rí 400, ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà fi ọmọ àfiṣàpẹẹrẹ kan dán gbogbo sáfà wò ní òru ọjọ́ tí ìdánwò ku ọ̀la. Sáfà tí ó bá fún un ní 180 ti tú ara rẹ̀ fó.

Ẹ̀kẹrin, rí i dájú pé ohun kan náà wà níbi gbogbo. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ ọdún 2012, ilé iṣẹ́ Knight Capital ní Amẹ́ríkà, tí ń ra ìpín ìdókòwò tí ó sì ń tà á, gbé ètò tuntun sórí sáfà mẹ́jọ. Ó kù ọ̀kan tí kò dé. Kò sí ẹnì kejì tí ó yẹ iṣẹ́ náà wò. Láàárín ìṣẹ́jú 45, owó tí ó lé ní 440 mílíọ̀nù dọ́là ti lọ. Ẹ wo bí ó ti jọ ti JAMB. Ọdún 13 ni ó wà láàárín wọn, ẹ̀kọ́ náà sì ti wà nílẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ ọ.

Ẹ̀karùn-ún, má ṣe lọ síbi tí o kò mọ ọ̀nà àbọ̀ rẹ̀. Kí o tó gbé tuntun jáde, mọ bí o ṣe máa dá ti àná padà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ẹ̀kẹfà, máa ṣọ́ ọ. Bí ìsọ̀rí kan bá ń gba máàkì tí kò jọ ti àwọn yòókù rárá, ó yẹ kí aago dún ní ọjọ́ kìíní, kí ìdánwò má tíì parí, kí ìyá kankan má tíì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Wọ́n á ní, "Kò sí iná. Kò sí kọ̀ǹpútà." Òótọ́ ni, ó sì ń bí mi nínú bí ó ti ń bí ẹ̀yin náà. Ṣùgbọ́n ṣé iná ni ó ń dá wa dúró láti kọ àyípadà sínú ìwé? Ìwé èsì ìdánwò kíláàsì kan tó fún ẹ̀kọ́ yìí. Kí ọmọ mẹ́rin jọ ṣe é lórí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tí ilé ẹ̀kọ́ ní. Kí ọ̀kan kọ, kí ọ̀kan yẹ̀ ẹ́ wò, kí ọ̀kan dán an wò, kí ọ̀kan máa kọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀. Bí iná bá lọ láàárín, ẹ̀kọ́ náà ló tún dé yẹn: ta ni ó mọ ibi tí a dé?

Àwọn kan á ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n yege WAEC àti JAMB ná." Èsì mi kò gùn. WAEC àti JAMB gan-an ni àìsí ẹ̀kọ́ yìí ti ṣe lọ́ṣẹ́. Ọmọ tí ó kàwé títí ojú rẹ̀ pọ́n kò lè fi ìwé kíkà gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ sáfà tí a kò tún ṣe.

Àwọn kan á ní ẹ̀rọ aláròjinlẹ̀ ti ń kọ ètò fúnra rẹ̀ báyìí, kí ni ọmọ ènìyàn tún ń kọ́? Ẹ rò ó wò. Bí ẹ̀rọ bá ń kọ ètò ní ìlọ́po mẹ́wàá, àyípadà tí a ní láti yẹ̀ wò, tí a ní láti gbé dé ibi gbogbo, tí a ní láti ṣọ́, á di ìlọ́po mẹ́wàá pẹ̀lú. Ilé iṣẹ́ tí ó ra ẹ̀rọ tí ó yára kì í lé àwọn tí ń yẹ ọjà wò lọ.

Àwọn kẹrin ni mo fẹ́ bá wí gan-an, ìyẹn àwọn tí ń ta ìwé ẹ̀rí. DevOps wà lára àwọn iṣẹ́ tí ètò 3MTT ti ìjọba àpapọ̀ ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ láti ọdún 2023, ìyẹn sì dára. Àmọ́ nítorí pé orúkọ náà ti ń pa owó, àwọn kan ti sọ ọ́ di ọjà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n á ní ọmọ ti di ẹ̀ńjínníà. Ọmọ á mọ orúkọ Docker, á mọ orúkọ Kubernetes, á mọ orúkọ Jenkins. Bi í pé, "Ìgbà wo ni o ti bá ẹlòmíràn ṣe iṣẹ́ kan pọ̀ tí ó bàjẹ́, tí ẹ jọ tún un ṣe?" Ẹnu á wọlé. Ẹni tí ó mọ orúkọ àdá àti ọkọ́ kò tíì di àgbẹ̀. Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó san owó, ẹ béèrè iṣẹ́ tí ọmọ yóò ṣe pẹ̀lú ẹlòmíràn, ẹ má béèrè àwọ̀ ìwé ẹ̀rí.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí ó le jù, ọ̀dọ̀ àwa àgbà ni ó sì wà. Bí nǹkan bá bàjẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ wa, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni, "Ta ló ṣe é?" Pàṣán ti wà lọ́wọ́ kí ìdáhùn tó dé. Kí ni ọmọ ń kọ́ níbẹ̀? Ó ń kọ́ láti bo àṣìṣe mọ́lẹ̀. Ó ń kọ́ pé ẹni tí ó bá tètè sọ ni ó máa jìyà. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni yóò dàgbà, tí yóò di òṣìṣẹ́ níbi sáfà, tí yóò rí i ní agogo mọ́kànlá òru pé nǹkan kan kò dé ibi tí ó yẹ kí ó dé, tí yóò sì dákẹ́. Àwọn tí ó mọ DevOps dáadáa máa ń jókòó lẹ́yìn ìjàǹbá, wọ́n á sì béèrè pé, "Kí ló ṣẹlẹ̀? Kí ló jẹ́ kí ó rọrùn láti ṣẹlẹ̀? Kí la máa fi dínà rẹ̀?" Wọn kì í wá ẹni tí wọ́n máa dá lẹ́bi kí wọ́n tó mọ ìdí. Ìyẹn kì í ṣe ìkẹ́kùúkẹ̀ẹ́. Ẹni tí ó mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan jẹ́ yóò jìyà rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá lé ẹnì kan lọ, tí o sì fi ọ̀nà tí ó gbà ṣubú sílẹ̀ láì dí i, ẹlòmíràn á gba ibẹ̀ ṣubú lọ́la.

Mo kan sáárá sí ọ̀gá JAMB fún ohun kan: ó jáde sọ ọ́, ó ní òun fúnra òun gbà á sórí, àjọ náà sì ṣàlàyé ohun tí ó bàjẹ́. Ní orílẹ̀-èdè tí ọ̀pọ̀ alágbára ti máa ń sọ pé kò sí nǹkan kan, ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré. Síbẹ̀ omijé kì í dí ihò. Ohun tí ó yẹ kí òbí máa béèrè lọ́dọọdún ni pé, "Kí ni ẹ fi dínà rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí?" Kí ó má sì jẹ́ pé àwa nìkan ni a ń tijú. Ní ọjọ́ 19 oṣù Keje ọdún 2024, ilé iṣẹ́ CrowdStrike ní Amẹ́ríkà gbé àtúnṣe kan tí ó ní àléébù jáde, kọ̀ǹpútà bí mílíọ̀nù 8.5 sì dákú káàkiri ayé. Ọkọ̀ òfuurufú kò lè gbéra, ilé ìwòsàn há. Olówó náà ń ṣubú. Ẹni tí ó ń kọ́gbọ́n nínú ìṣubú rẹ̀ ni ó yàtọ̀.

Nítorí náà, ohun tí mo ń béèrè rèé. Ẹ̀yin olùkọ́ kọ̀ǹpútà, ẹ nu àwòrán yẹn kúrò lójú pátákó. Ẹ fún àwọn ọmọ ní iṣẹ́ kan tí ilé ẹ̀kọ́ máa lò ní tòótọ́, bíi ìwé èsì tàbí ìwé ìforúkọsílẹ̀ ìyáwèékà, kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ fún odidi sáà kan. Ẹ fún wọn ní máàkì lórí ìwé àyípadà wọn, kì í ṣe lórí bí ó ti rẹwà tó. Ẹ̀yin ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, ẹ pe òbí kan tí ó ń ṣiṣẹ́ ní kọ́ńpìnnì wá sí kíláàsì lẹ́ẹ̀kan ní sáà, kí ó wá sọ bí wọ́n ṣe ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn, kí ẹ sì fún un ní àga iwájú. Ẹ̀yin ilé iṣẹ́ Ọ̀tà àti Àgbárá, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wá wo ibi tí ẹ ti ń yẹ ọjà wò, kì í ṣe kí ẹ fún wọn ní bisikíìtì nìkan. Ẹ̀yin Yunifásítì Covenant àti Yunifásítì Bells, ìlú yìí kan náà ni ẹ wà. Ẹ rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín jáde lọ́jọ́ Sátidé kan lóṣù wá sí àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìjọba tí ó yí yín ká, kí wọ́n wá kọ́ àwọn àbúrò wọn ní Git lórí kọ̀ǹpútà àlòkù.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má dúró dè wá. Ẹ lọ bá bàbá yín tàbí ìyá yín lálẹ́ òní. Ẹ bi wọ́n pé, "Bàbá mi, bí ẹ̀rọ bá bàjẹ́ níbi iṣẹ́ yín, kí ni ẹ kọ́kọ́ máa ń ṣe?" Ẹ kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀. Àwọn tí èsì wọn bàjẹ́ ní 2025 kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Láàárín yín ni a ó ti rí àwọn tí yóò tọ́jú sáfà ìdánwò lọ́jọ́ iwájú, tí yóò tọ́jú ti ilé ìwòsàn, tí yóò tọ́jú ti ìdìbò. Bí a bá fi ṣọ́ọ̀kì kọ́ yín, ṣọ́ọ̀kì ni ẹ máa fi tọ́jú wọn.